Ọkọ Kékeré

Abigail ki ọ̀bẹ bọ ikùn ẹja náà, ó fà á títí dé ìrù, ìfun rẹ̀ sì dà sínú abọ́.

"Pẹskádò," ló wí.

"Pẹskádò," Mojọlá tẹ̀ lé e.

Abigail na ọwọ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ìpẹ́ sí i lójú. "And this my hand? How e be?"

"Súsìò."

"Correct! Dirty pass dirty. When you reach that place, hunger no go kill you."

Mojọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ebi kọ́ ló ń bà á lẹ́rù.

Bó ṣe ń kọ́ èdè Sípéènì nìyẹn láti ìgbà tí òjò ti dá. Á ní òun ń lọ ra ẹja ní Ubeji, á wọ takisí jáde kúrò nínú ọgbà òṣìṣẹ́ ní Ekpan, á sì wá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé Abigail, níbi tí èéfín ẹja àti èéfín rífáínárì tuntun ti ń bá ara wọn du afẹ́fẹ́. Abigail kò kọ́ èdè náà nílé ìwé. Páńyá ló ti gbọ́ ọ, ìyẹn erékùṣù Fẹnàńdò Pó tí àwọn ará Warri kì í pè lórúkọ mìíràn. Ó gbọ́únjẹ fún olóko kòkó kan níbẹ̀ láti ìgbà ọmọge, títí ọkọ̀ ojú omi fi wá kó àwọn ọmọ Nàìjíríà padà sílé. Gbogbo ohun tó mọ̀ nínú èdè náà kò kọjá ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ ọjà àti èébú. Ó ní èébú yẹn, ọ̀fẹ́ lòun fi ń kọ́ Mojọlá.

Bánkọ́lé, ọkọ Mojọlá, wà ní Sípéènì. Ẹnjiníà ni, ilé iṣẹ́ epo ló sì rán an lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rífáínárì. Ó ti lo ọdún kan, ó ku méjì. Ilé iṣẹ́ ti wá gbà pé kí ìdílé rẹ̀ lọ bá a. Ìdílé: ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí Mojọlá ṣe gbọ́ ọ, òun àti Túnjí, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́rin ni. Bí Màámi, ìyá Bánkọ́lé, ṣe gbọ́ ọ, Mojọlá nìkan ni.

"Ìyàwó á lọ bá ọkọ ẹ̀, ìyẹn ò sí àríyànjiyàn," ni Màámi sọ lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. "Túnjí ò ní bá ẹnikẹ́ni lọ sí ilẹ̀ òtútù. Ọ̀dọ̀ mi ló máa wà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ tó ń já lọ. Kò sẹ́ni tó bi Mojọlá léèrè. Mojọlá náà kò rí ẹnu sọ ọ́, torí ọdún márùn-ún tó ti wà nínú ilé yẹn, "ẹ ṣé, Màámi" àti "mo ti gbọ́, Màámi" nìkan ni ẹnu rẹ̀ mọ̀. Ó kàn ń jí lóru, á na ọwọ́ kan ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì máa rò ó pé ọdún méjì, Túnjí á ti pé mẹ́fà kí òun tó tún na ọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Káséètì ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń bá wọn mú un dání. Ṣùgbọ́n yàrá àlejò ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà, Màámi sì ní àga tirẹ̀ níwájú rẹ̀. Mojọlá kò ní tíì sọ gbólóhùn méjì tán tí Màámi á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, á ṣàdúrà, á ki ọmọ rẹ̀, á wá ní kí Túnjí kí bàbá ẹ̀, Túnjí á sì pariwo pé "Daddy, how far!" Lẹ́tà kan ṣoṣo tó fi bẹ̀ ẹ́ pé kí òun mú Túnjí dání, Bánkọ́lé fèsì pé àwọn á sọ ọ́ lórí fóònù. Òní lọ́jọ́ fóònù. Lọ́la ni Bánkọ́lé máa sọ fún ilé iṣẹ́ níbẹ̀ bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ni kí wọ́n rà tàbí méjì.

Abigail ju ẹja náà sínú omi oníyọ̀, ó fa òmíràn yọ. "Oya. Who dey your house? Talk am for their mouth."

Mojọlá tún ìjókòó ṣe. "Ẹn mi kásà," ló bẹ̀rẹ̀, nínú ilé mi. "Ẹn mi kásà, yó. I la abuẹ́là." Èmi, àti ìyá àgbà. "I mi ẹsipósò."

"Your husband? Him don come back?"

"No, not that one. The small one. Kuátrò ányòs." Ó gbé ìka mẹ́rin sókè.

Abigail gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ìka mẹ́rin náà, ó wo ojú Mojọlá, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń fi apá nu omi ojú. "Husband wey be four years! Mama Tunji, if you talk am for airport, na police go carry you o!"

Ìgbà yẹn ni Mojọlá tó gbọ́ ohun tó tẹnu òun jáde. Túnjí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní orúkọ mìíràn nílé ju "ọkọ mi" lọ. Gbogbo ìyàwó ilé ló ń pe ọmọ ẹbí ọkọ ní ọkọ, ṣùgbọ́n ti Túnjí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí bàbá Bánkọ́lé kú ni wọ́n bí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Babátúnjí, bàbá ló tún jí. Ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni lójú àwọn yòókù. Màámi ní tirẹ̀ gbà á bó ṣe rí. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí ọmọ náà, á bi í bóyá ó sùn dáadáa, á bu oúnjẹ tirẹ̀ kó tó bu ti ara rẹ̀. Bó bá sì ṣẹ ọmọ náà, á bẹ̀ ẹ́. Mojọlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọkọ mi kékeré, nígbà tó sì yá kò mọ̀ pé òun ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

"So what will I call him?"

"Nínyò now! I don teach you nínyò."

Òótọ́ ni. Nínyò ni ọmọ. Wàhálà nínyò ni pé Màámi náà ti mọ̀ ọ́n. Mojọlá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ó ti ń rìn káàkiri ilé tó ń dárúkọ nǹkan kó má baà gbàgbé, omi, àga, ilẹ̀kùn, ọmọ, Màámi sì mú nínyò lọ sọ́jà, ó ń fi pe gbogbo ọmọ tó bá gba ìwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá.

Kó tó dìde, ó bi Abigail ní ìbéèrè kan tó ti wà lọ́kàn rẹ̀. Abigail ti sọ fún un pé àwọn náà ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀. Inú Mojọlá dùn lọ́jọ́ náà. Ó ní èdè tó bá ti mọ̀ pé "ẹ" yàtọ̀ sí "o", èdè ọmọlúàbí ni, kò lè le jù.

"My husband," ló wí. "Which one will I use for him?"

"Ah-ah! Your own husband? Tú now. The other one na for oga and police."

Mojọlá mi orí. Láti ọjọ́ tó ti mọ Bánkọ́lé, kò tíì fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí. Nínú takisí tó gbé e padà sí Ekpan, ó ń dán an wò lábẹ́ ahọ́n, ojú sì ń tì í bí ẹni pé awakọ̀ ń gbọ́.

Màámi ti múra kó tó délé. Ó ti wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti fi ìborùn lé èjìká, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Túnjí ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ólà, Màámi," Mojọlá kí i.

"Ọ̀la, ọ̀la," Màámi dá a lóhùn. "Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kí ara wọn ní ọ̀la níbẹ̀. Òní ńkọ́? Gbé ẹja yẹn sínú fíríìjì ká máa lọ."

Èrò kún ilé ìfìwéránṣẹ́ bí ọjọ́ ọjà. Gbogbo Warri ló lẹ́nì kan níbìkan láyé ìgbà yẹn, owó epo ti kó àwọn kan wá, ó sì ti gbé àwọn mìíràn lọ, gbogbo wọn ló sì wá ń pariwo sínú fóònù. Ọkùnrin kan ń bá Èkó jà lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá kan ń sunkún ayọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Hàmídù, akọ̀wé tó ń so fóònù pọ̀, ń pe orúkọ láti ẹ̀yìn káńtà, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì ń gbọ́ ti ara wọn láìtijú.

"Spain! Who get Spain?"

Mojọlá dìde. Màámi náà dìde. Yàrá onígíláàsì tí fóònù wà kò gbà ju ẹnì kan lọ, Mojọlá sì ti fi ìyẹn ṣe ìrètí láti ìdájí.

"Màámi, ẹ ò bá jókòó, ooru wà níbẹ̀. Màá pè yín tí ohùn wọn bá ti wọlé."

"Bí mi ò bá wọlé, ibo ni màá ti gbọ́ ohùn ọmọ mi?"

Ó wọlé. Ó fa ilẹ̀kùn pa mọ́ ara wọn. Ẹ̀yìn Mojọlá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, apá Màámi lẹ̀ mọ́ tirẹ̀, òórùn káfúrà inú ìborùn náà gba gbogbo imú rẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn sì wà lẹ́yìn Màámi. Kò sí bó ṣe lè jáde láìjẹ́ pé Màámi kọ́kọ́ jáde. Ó rò ó pé bí ìgbéyàwó òun látilẹ̀ ṣe rí nìyí.

Bó bá jẹ́ èdè Òyìnbó ló fẹ́ fi sá fún etí Màámi, kò wúlò. Màámi ti ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Warri kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Pijin ló fi ń bá Urhobo nájà, òun ló fi ń bá Itsekiri jà, òun náà ló fi ń bá Ijaw ṣe ìlàjà, Òyìnbó tó sì gbọ́ ju èyí tó ń jẹ́wọ́ lọ.

"Hẹlóò?" Ohùn Bánkọ́lé ti ọ̀nà jíjìn wá, ìró rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. "Mojọlá?"

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Bàbá Túnjí. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"A dúpẹ́. Túnjí ńkọ́? Màámi ńkọ́?"

"Màámi wà níbí. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n wà."

Bánkọ́lé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ ọ́?"

"Ọ̀rọ̀ ti tán," Màámi wí sínú fóònù láti apá ọ̀hún, kí Mojọlá tó la ẹnu.

Mojọlá rò ó wò. Bí òun ò bá sọ ọ́ báyìí, ó ti parí nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún wọn, ó sì ń lọ. Kò lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Kò lè sọ ọ́ ní Òyìnbó. Ó wo gíláàsì, ó rí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń wo òun, ó sì rí ara rẹ̀ láàárín wọn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú bí ẹni tó fẹ́ já sódò.

"Bánkọ́lé," ló wí. Kò pe orúkọ náà bẹ́ẹ̀ sí i létí rí. "Mẹ óyẹ̀s?" Ṣé o ń gbọ́ mi?

Ohùn Bánkọ́lé padà wá, ó kún fún ìyanu. "Sí. Sí, tẹ óygò." Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń gbọ́ ẹ.

"Kí lò ń sọ?" Màámi bi í.

"Mò ń fi èdè ibẹ̀ kí wọn ni, Màámi. Mò ń fi kọ́ra."

"Kí i wéré, owó ń lọ."

Mojọlá mí sínú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Abigail kọ́ ọ sá fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja nìkan ló rántí, ẹja àti ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ fún mi ní méjì, ẹ má fún mi ní kan.

"Biyẹ́tẹ̀," ló wí. Tíkẹ́ẹ̀tì. "Ún biyẹ́tẹ̀, nó. Dós. Dós biyẹ́tẹ̀s." Kì í ṣe kan, méjì ni.

"Dós?"

"Dós. Yó..." Nínyò ló kù. Nínyò wà ní ètè rẹ̀, Màámi sì ń wo ètè náà. Kò lè pe Túnjí, kò lè pe nínyò, kò sì mọ ọ̀rọ̀ kẹta tí ènìyàn fi ń pe ọmọ. Bó ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín Abigail tún dún sí i létí. "Yó, i mi ẹsipósò."

"Ọkọ ẹ kẹ̀?" Bánkọ́lé ti gbàgbé, ó fi Yorùbá sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ṣáà ni ọkọ ẹ."

Mojọlá mọ̀ ọ́n lára pé Màámi yí orí padà. "Nó," ló yára wí. "Nó tú. Mi ẹsipósò pẹkẹ́nyò." Ìwọ kọ́. Ọkọ mi kékeré.

Omi òkun tó wà láàárín wọn ló ń hó nínú fóònù. Mojọlá ń dúró. Òyìnbó Sípéènì èyíkéyìí tó bá gbọ́ èyí á rò pé obìnrin yìí ti ya wèrè, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni òun àti Bánkọ́lé ti ń gbọ́ Màámi lórí ìkúnlẹ̀ láràárọ̀, tó ń kí Túnjí ní ọkọ rẹ̀.

"Sin ẹ́l, nó bọ́y," ló fi kún un. Láìsí i, mi ò lọ. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa sọ ìyẹn. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi bẹ̀rù.

"Ẹntiẹ́ndò," ni Bánkọ́lé wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó yé mi. "Dós biyẹ́tẹ̀s. Sí, Mojọlá. Sí."

Ó yé e! Mojọlá fẹ́ sọ sí i, ọwọ́ Màámi ti wà lórí fóònù.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Èmi náà fẹ́ bá a sọ̀rọ̀." Màámi fi fóònù sétí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó dà bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Àkànní mi! Ṣé òtútù ò ṣe ẹ́? Ṣé ò ń jẹun? Gbọ́, mo ti sọ fún ìyàwó wa, Túnjí á wà lọ́dọ̀ mi. Àbí kí lo rí sí i?"

Mojọlá fi orí sún mọ́ ọn. Ohùn náà tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bó bá ṣe wù yín náà ni, Màámi. Kò sí wàhálà kankan."

Hàmídù na ìka sí aago ògiri, ó kan gíláàsì. "Madam, una time don finish!"

Wọ́n wọ takisí padà sílé. Màámi jókòó lápá kan, ó ń wo Mojọlá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló ń wò. Mojọlá ń wo ìta. Inú bí i sí Bánkọ́lé débi pé ó wù ú kó lo díẹ̀ nínú èébú ọ̀fẹ́ Abigail. Ọkùnrin yẹn ti sọ bẹ́ẹ̀ ni fún òun ní èdè kan, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ìyá rẹ̀ ní èdè kejì, ó wá lọ jẹun ọ̀sán rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kejì á dé, òótọ́ ni. Ta ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ Màámi kó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú? Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ọgbà, mèguádì gbé igi sókè fún wọn, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ojoojúmọ́ ni Mojọlá ń gba ibẹ̀ kọjá, òní ló tó gbọ́ ìró igi náà.

Nírọ̀lẹ́, ó ń dín ẹja ní ilé ìdáná. Iná gáàsì rífáínárì ti mú kí ojú ọ̀run pọ́n lẹ́yìn fèrèsé bó ṣe máa ń rí. Túnjí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ agolo mílíìkì lórí sìmẹ́ńtì, ó sì ń fi ẹnu ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì. Màámi gbé àpótí wọlé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Kí ni wọ́n ń pe ọkọ ní èdè yẹn?"

Ọwọ́ Mojọlá dúró lórí ẹja. "Màámi?"

"Ọkọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ lọ́sàn-án. Ẹ̀sì kí ni?"

Irọ́ kankan kò wá sí i lọ́kàn. "Ẹsipósò, Màámi."

"Ẹ̀sìpósò." Màámi tọ́ ọ wò bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò. "Òun náà ni. Mo gbé pẹ̀lú bàbá wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mo mọ bí ohùn obìnrin ṣe ń rí tó bá ń pe ọkọ ẹ̀, ì báà ṣe ìjà, ì báà ṣe ìfẹ́. Èyí tó o pè nínú fóònù lónìí, kì í ṣe ọkọ tìẹ lò ń pè. Bánkọ́lé tiẹ̀ rò pé òun ni, mo gbọ́ bó ṣe fi Yorùbá sọ ọ́, mo gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ọkọ mi lò ń pè."

Mojọlá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi í sílẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ."

"Mo ní kó o kúnlẹ̀ ni? Ẹja ń jóná."

Ó dìde, ó yí ẹja padà. Omi ojú ń dà á, ó sì jẹ́ kó máa dà, kò fi òróró gbígbóná ṣe àwáwí. Màámi ń wo ìta, níbi tí ariwo ẹ́ńjìnnì ti ń lọ tó ń bọ̀.

"Bánkọ́lé ní bó bá ṣe wù mí," ló wí. "Bàbá ẹ̀ rèé gẹ́lẹ́. Kò lè sọ rárá fún obìnrin. Obìnrin á wá máa sọ rárá fún ara wọn." Ó gbé ohùn sókè. "Ọkọ mi!"

"Mama, I dey come!" Túnjí dáhùn, kò sì wá.

"Ó gbọ́ Yorùbá tí mo fi pè é, kí ló fi dá mi lóhùn? Warri nìyí o, ibi tí mo wà tọ̀sán tòru. Ní ibi tẹ́ ẹ ń lọ yẹn, bó bá fi máa dé, èdè wo ló máa kù tí èmi àti ẹ̀ jọ gbọ́?"

Mojọlá kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè náà, ó ń wá ìdáhùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ èyí tó ṣíwájú rẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn, "o" ni Màámi fi ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì sí ìdí tó fi máa yí i padà lónìí. "Ẹ" yẹn kì í ṣe ti ọ̀wọ̀. Ẹni méjì ni.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ti rò pé bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, òun á fò sókè. Kò lè fò. Ó wo obìnrin tó jókòó sórí àpótí, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé ẹnì kan ṣoṣo tí obìnrin yìí ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀ lòun ń gbé lọ.

"Màámi," ló wí.

"Tún un pè fún mi," ni Màámi wí. "Díẹ̀díẹ̀. Kí n má baà ṣì í pè lọ́jọ́ fóònù."

"Ẹ. Si. Pó. Sò."

"Ẹ̀-sì-pó-sò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun téèyàn ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ kí ara wọn. Báwo ni wọ́n ṣe ń wí?"

"Ólà."

Màámi tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó fi ọwọ́ kan sétí bí ẹni gbé fóònù, ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọmọ náà ti kẹ̀yìn sí wọn.

"Ọ̀la, ẹ̀sìpósò," ló wí.

Ohùn orí ọ̀rọ̀ náà kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Mojọlá gbọ́ ọ, kò sì tún un ṣe.